Híítà mi ń já bírékà sílẹ̀, omi rẹ̀ ò sì gbóná mọ́

ỌmọOlómi (Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Híítà baluwẹ̀ wa ti fẹ́ sọ mí di ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Oníná ni, èyí tí wọ́n ń so kọ́ ara ògiri, 50 lítà. Wọ́n kọ 1500 watt àti 230 volt sára rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti so ó kọ́, a ò sì tú u wò rí.

Nǹkan méjì ló ń ṣe é. Àkọ́kọ́, omi rẹ̀ kì í gbóná mọ́, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Iná pupa iwájú rẹ̀ á tàn fún bí ìṣẹ́jú 15, á kú, èmi á rò pé omi ti dé ojú ẹ̀. Kí n tó fi kànìnkànìn dé orúnkún, omi tútù ti dé. Mo ti yí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ dé òpin, kò yí nǹkan kan padà. Èkejì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: bírékà ń já. Kì í já lójú ẹsẹ̀ o. Híítà á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé á ṣú.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà: témósítààtì (ohun tó ń gé iná tí omi bá ti gbóná tó) ni àbí élímẹ́ńtì (irin tó ń gbóná nínú omi)?

Kíáńkíá (7:05 àárọ̀)

Bírékà yẹn ló ti gbó. Ẹ fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ náwó rárá, ẹ yọ waya áàtì kúrò lára híítà, kò ní já mọ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, ọdún kejì rèé, a ṣì ń wẹ̀.

Bàbá_Wáyà (7:21 àárọ̀)

Ìwọ Kíáńkíá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pa tìẹ náà báyìí, kó o dá waya yẹn padà kí ẹnikẹ́ni nílé yín tó tún wẹ̀. Mi ò bá ẹ ṣeré. Waya áàtì ni ọ̀nà tí iná tó bá jò sára irin híítà máa gbà lọ sílẹ̀. Tó o bá gé ọ̀nà yẹn, iná náà ò lọ síbì kankan. Ara irin àti inú omi ló wà, ó ń dúró de ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ilẹ̀ baluwẹ̀. Pé kò tíì gbé ẹnì kan kò túmọ̀ sí pé kò lè gbé e.

Ní ti bírékà tó tóbi, 1500 watt lórí 230 volt kò ju ampere mẹ́fà àtààbọ̀ lọ. Ẹrù wo ló wà níbẹ̀ tí bírékà ò ní lè gbé?

ỌmọOlómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ pa híítà láti ojú bírékà rẹ̀, ẹ má fi mọ sórí bọ́tìnnì ìta, kí ẹ wá dá mi lóhùn. Ṣé bírékà kékeré ti híítà ló ń já ni, àbí èyí ńlá tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ T sí lára? Ṣé ìgbà tí iná pupa bá ń tàn nìkan ló máa ń já? Ṣé omi ń kán nísàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ariwo nínú rẹ̀?

ỌmọOlómi (12:40 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an sà. Èyí tó ní T lára ni. Ìgbà tí iná pupa bá ń tàn ló máa ń já. Tí iná pupa bá ti kú, kò sí wàhálà. Omi ò kán rárá. Ariwo wà o. Tó bá ti ń gbóná, á máa dún pà, pà, pà, bí ìgbà tí ẹnì kan ń da òkúta wẹẹrẹ sínú agolo. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì (1:15 ọ̀sán)

Témósítààtì ni. Tèmi náà ṣe báyìí: iná pupa á tètè kú, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo pààrọ̀ témósítààtì, ó dára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó tún padà síbi tó wà, mo tún pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní ò lágbára mọ́.

Sípánà14 (1:32 ọ̀sán)

Mà, tí témósítààtì méjì bá kú láàárín oṣù díẹ̀, ó yẹ ká bi ohun tó ń pa wọ́n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bàbá_Wáyà (8:10 alẹ́)

Ìdáhùn tó dára nìyẹn, ỌmọOlómi. Bírékà onítẹ́ẹ̀sì yẹn, èyí tó ní T lára, kì í ka ẹrù. Ohun tó ń ṣọ́ ni iná tó jáde lọ àti iná tó padà wálé. Tí èyí tó padà bá dín, ó mọ̀ pé díẹ̀ ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílẹ̀, á sì gé e. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nílé ń gé e tí ohun tó sọnù bá tó 30 mílíámpíà, òmíràn kì í tiẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Iná ń jò níbì kan nínú híítà yín. Kí a wá ibẹ̀.

Ṣé ẹ ní mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn nǹkan? Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lò, tàbí tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí ẹ bá máa ṣe é fúnra yín, bó ṣe máa lọ nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé mítà fúnra rẹ̀ kò kú. Lẹ́yìn náà ẹ pa bírékà híítà, ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wọn láìfù (waya tó ń gbé iná wá) sí níútíràlì (èyí tí iná ń gbà padà), láìfù sí áàtì, níútíràlì sí áàtì. Òdo ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ yín tó kan nǹkan. Ẹ ya fọ́tò bí waya ṣe wà. Mo tún un sọ, ẹ ya fọ́tò. Kí ẹ wá yọ waya méjèèjì kúrò lórí ẹsẹ̀ élímẹ́ńtì, ẹ yí mítà sí ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà).

Ẹ wọn ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Iye tó yẹ kí ẹ rí, ẹ fi volt sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi watt pín in: 230 lọ́nà 230, ẹ fi 1500 pín in, ó jẹ́ bíi 35. Ẹni tó bá ní ti 2000 watt máa rí bíi 26, ti 3000 watt máa rí bíi 17 àtààbọ̀. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 240 volt tí élímẹ́ńtì sì jẹ́ 4500 watt, bíi 13 ni. Tí mítà bá kọ OL (ìyẹn ni pé kò rí ọ̀nà tí iná lè gbà kọjá), waya inú élímẹ́ńtì ti já nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara irin híítà. OL ló yẹ kó kọ níbẹ̀.

ỌmọOlómi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ṣe é. Mo ya fọ́tò mẹ́rin. Ìdí waya kan ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, rọ́bà ara rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n kò tíì já. Ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀: 35.6 ohm. Ẹsẹ̀ méjèèjì sí ara irin: OL.

Ṣé ó túmọ̀ sí pé élímẹ́ńtì dára? Ṣé Kíáńkíá ló wá jàre báyìí?

Kíáńkíá (6:33 ìrọ̀lẹ́)

Mo sọ fún yín!

Bàbá_Wáyà (6:50 ìrọ̀lẹ́)

Kíáńkíá, ṣé o ti dá waya yẹn padà?

Sípánà14 (7:20 alẹ́)

Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre. Iná lè máa jò láti ara élímẹ́ńtì. Ó lè jẹ́ láti ara waya, tàbí láti inú gílóòbù kékeré iwájú yẹn tí òógùn bá wọ inú rẹ̀. Ẹ gé apá waya tó pọ́n yẹn kúrò, ẹ fi orí tuntun sí i, nítorí ìdí waya tí kò fún dáadáa ló ń jó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì dá waya padà sórí élímẹ́ńtì. Ẹ fi téèpù dí ẹnu waya méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ dé ìdérí padà, kí ẹ wá tan bírékà fún wákàtí kan. Tó bá já, élímẹ́ńtì ò mọ̀ nípa ẹ̀. Tí kò bá já, a mọ ẹni tá a máa mú.

ỌmọOlómi (10:05 alẹ́)

Wákàtí méjì gbáko, iná pupa ń tàn, bírékà ò já. Mo pa á, mo dá waya padà sórí élímẹ́ńtì, mo tún tan án. Ìṣẹ́jú 11, ilé ṣú. Élímẹ́ńtì ni! Ṣùgbọ́n mítà sọ pé ó dára. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá_Wáyà (Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀)

Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ìgbà tó tutù lẹ wọ̀n ọ́n, ìgbà tó gbóná ló ń jò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú élímẹ́ńtì. Páìpù tín-ín-rín ni, èyí tí ẹ máa ń rí tí wọ́n tẹ̀ bí ìkọ́. Waya tó ń gbóná wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun funfun kan, magnesium oxide, rọ́ àyíká waya yẹn títí ó fi le bí òkúta. Ìyẹ̀fun yẹn ń jẹ́ kí ooru kọjá, kì í jẹ́ kí iná kọjá. Tí páìpù ìta bá wá sán, kódà kó tín-ín-rín bí irun, omi á rọra wọ inú ìyẹ̀fun. Tó bá tutù, ojú sísán yẹn á pa dé. Tó bá gbóná, irin á fẹ̀, ẹnu á là, iná á rí ọ̀nà. Mítà yín náà, bátìrì kékeré ló ń lò, agbára rẹ̀ kò tó ti 230 volt tó máa fipá gba ibi tóóró kọjá.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí iná pupa bá ń tàn ló ń já. Tí témósítààtì bá ti gé láìfù, kò sí ohun tó máa jò mọ́.

Ẹ jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ṣe já báyìí, ẹ pa bírékà híítà, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí iná lójú waya, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ sí ara irin kó tó tutù. Ẹ ti tú ìdérí rí, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Tí ẹ bá fi 30 mílíámpíà pín 230 volt, ó jẹ́ bíi 7,700 ohm. Tí ẹ bá rí iye tó kéré sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

ỌmọOlómi (Ọjọ́rú, 7:48 alẹ́)

5,800 ohm!!! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo dúró tì í, nọ́ńbà ń gòkè lójú mi bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn: 6,400, 9,000, 14,000. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí ó ti lé ní 60,000. Mo mọ̀ pé tó bá di àárọ̀ á tún padà sí OL, á wá ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Sípánà14 (7:55 alẹ́)

230 pín sí 5,800, bíi 40 mílíámpíà. Ẹ lọ ra élímẹ́ńtì. Ẹ mú fọ́tò ìdí rẹ̀ lọ, nítorí bóòtù àti fífẹ̀ ìdí wọn kò dọ́gba. Ẹ ra rọ́bà ìdí rẹ̀ tuntun pẹ̀lú, ẹ má gbìyànjú láti lo ti àtijọ́.

Ìkòkò_Àmù (9:12 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi ń gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n fáàfù kékeré ìdí rẹ̀ máa ń kán omi tí mo bá tan án. Ẹnì kan ní kí n fi igi dí i.

Onípáìpù (9:30 alẹ́)

Ẹ má fi igi dí i! Ẹ má fi nǹkan kan dí i láé. Omi tó bá gbóná máa ń wú. 50 lítà tí ẹ bá gbé láti ìwọ̀n Celsius 25 dé 60 máa fi bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lítà pọ̀ sí i. Tí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn bá wà lójú páìpù omi tútù, àfikún yẹn ò níbi tó máa gbà, fáàfù ààbò ló máa gbé e jáde. Kó máa kán nígbà tí híítà ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ so rọ́bà kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí ibi tí omi ń gbà lọ, kí ẹnu rọ́bà náà ṣí sílẹ̀.

Tó bá ń kán tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí híítà wà ní pípa, ìyẹn yàtọ̀. Bóyá omi tó ń wọlé lágbára jù, bóyá ìdọ̀tí há sí ojú fáàfù. Ẹ gbé apá kékeré rẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi ṣàn jáde, kí ẹ tún jù ú sílẹ̀. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí témósítààtì bá kọ̀ láti gé, tí ohun tó ń gé e nígbà tó bá gbóná jù náà ò sì ṣiṣẹ́, fáàfù yẹn nìkan ló kù láàárín ẹ̀yin àti bọ́ǹbù. Omi tó bá di ooru máa ń gba ààyè tó tó bí ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Mo ti rí híítà tó fò kúrò lára ògiri. Òkè àjà la ti rí ìdérí rẹ̀.

Ìkòkò_Àmù (9:34 alẹ́)

Mo ti yọ igi.

Onípáìpù (9:41 alẹ́)

Ẹ ti fi sí i tẹ́lẹ̀?!

ỌmọOlómi, kí ẹ tó tú élímẹ́ńtì, ẹ gbọ́dọ̀ fa omi inú rẹ̀ dànù. Ẹ pa iná, ẹ ti omi tútù tó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kó tutù, ó dára kó sun mọ́jú. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná tó wà ní baluwẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, omi ò ní jáde, ẹ ó máa rò pé páìpù ti dí. Ẹ so rọ́bà mọ́ ibi ìfàdànù, tàbí kí ẹ gbé apá fáàfù ààbò, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn. Ẹ gbé ike ńlá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú bóòtù ìdí, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè fà á tó, yóò ṣẹ́ kù.

ỌmọOlómi (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:25 ọ̀sán)

Ẹ jókòó kí n ròyìn fún yín.

Bóòtù mẹ́fà ló di ìdí rẹ̀ mú. Márùn-ún gbọ́ràn, ẹ̀kẹfà ti dógùn-ún, mo fi epo sí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Mo fa élímẹ́ńtì, kò jáde. Mo rò pé mo gbàgbé bóòtù kan. Mo tún fà á, ó jáde pẹ̀lú ariwo, ni èépá funfun (ìdọ̀tí líle tí omi gbígbóná máa ń fi sílẹ̀) bá ya dà sínú ike, gbùà! Ó kún ju ìdajì ike lọ. Òmíràn fẹ́lẹ́ bí èèpo ògiri tó ń ṣí, òmíràn le bí kóńkéré. Élímẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ò ṣe é dá mọ̀. Páìpù tó yẹ kó tín-ín-rín bí ìka ọwọ́ ọmọdé ti tó ọwọ́ àgbàlagbà.

Mo rọra fi igi gbá èépá yẹn kúrò. Nítòsí ibi tó ti tẹ̀, mo rí ilà kan, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ ya nǹkan. Etí rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo fi èékánná rà á, mo gbọ́ ọ lábẹ́ èékánná mi. Ibẹ̀ ni!

Ohun kan tún wà o. Páìpù kékeré tí ọ̀pá témósítààtì ń wọ̀ wà láàárín apá méjì élímẹ́ńtì, èépá sì ti so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan.

Bàbá_Wáyà (3:02 ọ̀sán)

Ohun tó kẹ́yìn tí ẹ sọ yẹn ni mo ń retí látìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ariwo òkúta. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí náà. Témósítààtì kì í wọn omi ní tààrà, ibi tó bá wà ló ń wọ̀n. Tí èépá bá ti so ó mọ́ élímẹ́ńtì, ooru élímẹ́ńtì ló ń gbọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti dé ìwọ̀n tí wọ́n ní kó gé e, á gé e, omi tó kù nínú agbada (ìkòkò omi inú híítà) kò sì tíì mọ̀ pé wọ́n tan iná. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iná pupa tó ń tètè kú, èépá ló fà á. Élímẹ́ńtì tó sán, èépá náà ni. Àrùn kan ló bí ọmọ méjì.

Ìyá_Ìbejì (3:20 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé èépá ń dí ooru mọ́ élímẹ́ńtì lára, tí kò jẹ́ kó dé inú omi, ló fà á tí omi ò fi gbóná?

Bàbá_Wáyà (3:37 ọ̀sán)

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Inú omi ni élímẹ́ńtì wà. Tí kò bá fún omi ní ooru yẹn, ibo ló fẹ́ gbé e lọ? 1500 watt tó bá wọlé, inú agbada ló máa parí sí. Ohun tí èépá ń ṣe ni pé ooru kì í tètè jáde, ara élímẹ́ńtì fúnra rẹ̀ á wá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí páìpù rẹ̀ á fi sán tàbí tí waya inú rẹ̀ á fi já. Ìpalára náà wà fún élímẹ́ńtì, omi ò pàdánù nǹkan kan.

Àwọn témósítààtì méjì tí ẹ jù nù yẹn, mo fẹ́ gbà pé ara wọn dá. Nígbà tí ẹ ń fa ti àtijọ́ yọ tí ẹ ń ki tuntun bọ̀ ọ́, èépá tó wà níbẹ̀ mì, ó fọ́ díẹ̀, ó dára fún oṣù mẹ́rin.

Ìyá_Ìbejì (3:41 ọ̀sán)

Háà. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú wọn nínú àpótí.

Onípáìpù (4:15 ìrọ̀lẹ́)

ỌmọOlómi, ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin ha inú agbada. Awọ kan wà nínú rẹ̀ bíi ti abọ́ tánganran, tí ẹ bá ha á, ibẹ̀ ni yóò ti dógùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ kó èépá, ẹ fi omi ṣàn án. Èyí tó bá lẹ̀, ẹ da ọtí kíkan tàbí citric acid tí ẹ ti pò mọ́ omi sórí rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Á máa hó, èépá ló ń yọ́ yẹn. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo ìdí yẹn dáadáa. Ṣé ẹ rí ọ̀pá kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ élímẹ́ńtì?

ỌmọOlómi (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Waya tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo rí, ìdọ̀tí bíi mélòó kan so mọ́ ọn. Ṣé òun ni ọ̀pá?

Onípáìpù (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Òun ni! Ọ̀pá magnesium ni nígbà tó wà láyé, ó nípọn bí àtàǹpàkò. Ńṣe ni wọ́n fi í síbẹ̀ kí omi máa jẹ ẹ́ dípò kó jẹ irin agbada. Tó bá ti jẹ ẹ́ tán, agbada ló kàn. Ẹ fi tuntun sí i lónìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa yọ ọ́ wò lọ́dọọdún. Tí waya àárín rẹ̀ bá ti ń yọjú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo kórìíra bí àwọn tó ń so híítà kọ́ kì í ṣe é sọ fún onílé.

Ìyá_Ìbejì (5:10 ìrọ̀lẹ́)

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá, omi gbígbóná tèmi máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, pàápàá tí a bá rìnrìn àjò dé. Omi tútù kì í rùn.

Onípáìpù (5:26 ìrọ̀lẹ́)

Tí omi tútù ò bá rùn, inú híítà ló ti ń wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń sọ sulphate inú omi di gáàsì olóòórùn yẹn, ọ̀pá magnesium sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Omi tó dúró tí kò gbóná tó ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ fa omi àtijọ́ dànù, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé ìgbóná rẹ̀ dé 60, kó wà níbẹ̀. Tó bá tún padà, ẹ fi ọ̀pá aluminium tí wọ́n lú mọ́ zinc rọ́pò ti magnesium. Ẹ má kàn yọ ọ̀pá kúrò kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo o, òórùn á lọ lóòótọ́, agbada á sì tẹ̀ lé e.

Sípánà14 (5:33 ìrọ̀lẹ́)

60 yẹn náà ni kí gbogbo wa fi í sí. Nísàlẹ̀ 45, kòkòrò Legionella tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè máa bí sí i nínú rẹ̀. Tó bá ju 60 lọ, èépá á túbọ̀ máa pọ̀. Kí àwọn tó ní ọmọ kékeré àti arúgbó nílé fi fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ gbígbóná sí ẹnu rẹ̀, nítorí omi 60 lè bó èèyàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún.

ỌmọOlómi (Ọjọ́ Àìkú, 11:20 àárọ̀)

Mo ti tò ó padà: élímẹ́ńtì tuntun, rọ́bà tuntun, ọ̀pá tuntun. Témósítààtì àtijọ́ ni mo dá padà. Mo ti fẹ́ tan án, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Bàbá_Wáyà (11:24 àárọ̀)

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè! Ẹ má tíì tan iná. Ẹ kọ́kọ́ ṣí omi tútù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná. Á máa tutọ́, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ dúró títí tí omi á fi ṣàn gbọọrọ láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Élímẹ́ńtì tó bá gbóná lórí afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ rárá kó tó jó, ẹ ó sì padà sọ́jà lónìí yìí kan náà.

ỌmọOlómi (12:02 ọ̀sán)

Agbada ti kún, ṣùgbọ́n omi ń sun létí rọ́bà ìdí rẹ̀, ní apá ọ̀tún.

Onípáìpù (12:09 ọ̀sán)

Ṣé ẹ fún bóòtù yípo ní títò ni? Ẹ tú gbogbo rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá máa fún wọn ní ìdojúkọ: èyí tó wà lókè, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i nísàlẹ̀, títí tí ẹ fi máa kárí. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ má fi ìbínú fún un. Ẹ nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ kí ẹ tó ronú iná.

ỌmọOlómi (3:15 ọ̀sán)

Ó ti gbẹ. Mo wọn élímẹ́ńtì tuntun kí n tó dé e: 35.1, OL sí ara irin. 12:50 ni mo tan án, iná pupa kú ní 2:14. Bàbá, ìṣẹ́jú 84!

Bàbá_Wáyà (3:22 ọ̀sán)

Ó pé. 50 lítà láti bíi 25 dé 60 lórí 1500 watt, ìṣirò ní bí ìṣẹ́jú 81. Ẹ tún wọ̀n ọ́n sí ara irin nísinsìnyí tó ti gbóná, kí ọkàn yín balẹ̀.

ỌmọOlómi (3:50 ọ̀sán)

OL. Mo ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó lé mi jáde.

Kíáńkíá (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú. Mo dá waya áàtì padà lánàá. Bírékà já láàárín ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Mo tún gbé e, ó tún já. Mo wọ̀n ọ́n sí ara irin, nígbà tó tutù pàápàá: 2,100 ohm. Ìyàwó mi bi mí pé báwo la ṣe ń wẹ̀ láti ọdún méjì, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Sípánà nọ́ńbà mélòó lẹ fi tú bóòtù ìdí yẹn?

ỌmọOlómi (8:52 alẹ́)

Mẹ́wàá ni tèmi. Ẹ mú epo dání fún èyí tó bá dógùn-ún. Ẹ sì ya fọ́tò.